Primary 4, ọmọ 68: ṣé kí n máa sá tẹ̀lé sikíìmù ni, àbí kí n dúró de àwọn ọmọ?

Tíṣà_Arówómọlẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́)
Ẹ káàsán o ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àgbà náà ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ayé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Iléèwé ìjọba ni mo wà, primary 4 ni wọ́n fún mi ní táàmù yìí, ọmọ 68 ló wà nínú réjísítà mi, àwọn tó ń wá lójoojúmọ́ á tó 60. Sikíìmù, ìwé tó pín iṣẹ́ táàmù sí ọ̀sẹ̀, ní tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta kí n ti wọ ìdá (fractions), ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ká máa ro ìdá pọ̀ mọ́ra. Ní Mọ́ńdè mo ní jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá ilẹ̀ le lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo kọ 52 yọ 27 sójú pátákó, mo ní kí kálukú ṣe é sínú ìwé. Ọmọ 41 ló kọ 35. Mo kó ìwé yẹn lọ sílé, mo jókòó tì í, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi.

Tí n bá padà lọ kọ́ wọn ní yíyọ, sikíìmù á fi mí sílẹ̀, HM wa, ọ̀gá iléèwé, dẹ̀ máa ń wo díárì tí à ń kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ sí ní gbogbo Fúráìdè. Tí n bá dẹ̀ ń bá sikíìmù lọ, ta ni mò ń kọ́? Nǹkan kejì ni èdè. Tí n bá ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì wọ́n á kàn máa wò mí, tí n bá yí i sí Yorùbá báyìí ojú gbogbo wọn á là. Ṣùgbọ́n tíṣà tó wà ní kíláàsì tó tẹ̀ lé tèmi ní tí sípẹ́kítọ̀ bá bá mi níbẹ̀ ọ̀rọ̀ á di wàhálà. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí kó bá mi dá sí i.

Ìyá_Oníṣirò (Ọ̀yọ́)
Àbúrò mi, lọ jẹun o. 35 yẹn kì í ṣe pé wọn ò ronú, wọ́n ronú gan an ni. Wọ́n wo 2 àti 7, wọ́n rí i pé 7 ló pọ̀jù, wọ́n wá yọ kékeré kúrò lára ńlá, ó ku 5. Wọ́n bọ́ sí 5 àti 2, ó ku 3. Gbogbo ọmọ 41 yẹn ló gba ọ̀nà kan náà, torí náà ibi kan ṣoṣo lo máa tún ṣe, kì í ṣe ibi 41. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé 52 yẹn, mẹ́wàá lọ́nà márùn-ún ni pẹ̀lú ẹyọ méjì. Wọ́n rò pé 5 kan ló dúró ti 2 kan.

Ní kí wọ́n mú ẹyọ ìgbálẹ̀ wá látilé. Kí wọ́n dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá, rọ́bà tí wọ́n fi ń so nǹkan ti tó. Ìdì márùn-ún, ẹyọ méjì, 52 rè é lórí tábìlì. Wá ní kí ọmọ yọ ẹyọ méje nínú ẹ̀. Á wo ẹyọ méjì tó wà nílẹ̀, á wo ojú ẹ, kò ní rí méje yọ. Kó o má wí nǹkan kan o, má ràn án lọ́wọ́, dúró. Ọmọ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdì. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ tú ìdì yẹn ti mọ ohun tó ń jẹ́ yíyá, torí "yá mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnìkejì ẹ" tá a máa ń kọ bí orin létí wọn yẹn, orin náà ni wọ́n ń gbọ́, wọn ò mọ ẹni tá a yá a lọ́wọ́ ẹ̀.

Bàbá_Tíṣà_Àgbà (Ògbómọ̀ṣọ́)
Mo kí gbogbo yín. Ọdún 1976 tí ìjọba àpapọ̀ gbé UPE, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, dé ni mo wọ kíláàsì pẹ̀lú Grade Two mi, ìwé ẹ̀rí tíṣà. Tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ láti January 1955 láyé Awólọ́wọ̀, àmọ́ ti 76 ló kó gbogbo Nàìjíríà wọlé, àwọn ọmọ ya dé bí omi, ìjókòó ò tó. Mo mọ ohun tí ọmọ 68 ń ṣe fún ọ̀fun tíṣà.

Mo fara mọ́ ti ìgbálẹ̀ tí ìyá wa sọ. Ohun tí mo fẹ́ fi lé e ni pé kí o ní kí àwọn ọmọ pe 27 ní Yorùbá. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Bi wọ́n pé kí ni orúkọ yẹn ń wí. Ọgbọ̀n tó dín mẹ́ta ni. Ṣé o rí i pé ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ kó o tó mú ṣọ́ọ̀kì? Ẹ yọ ọgbọ̀n kúrò nínú méjìléláàádọ́ta, ó ku méjìlélógún. A ti yọ mẹ́ta jù, ẹ dá a padà, ó di márùndínlọ́gbọ̀n. 25 nìyẹn, kò sí yíyá kankan níbẹ̀. Orúkọ ogójì, ogún méjì ni, ọgọ́ta ogún mẹ́ta, ọgọ́rin ogún mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún ogún márùn-ún, àádọ́ta wá jẹ́ ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá. Àwọn baba wa ti kó ìsọdipúpọ̀ àti yíyọ sínú orúkọ fún ọmọ, àwa la sọ pé kó fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

Ọmọ tó ń bá ìyá ẹ̀ tajà ní Ọjà Ìgbò, tó o bá ra ọjà ₦1,700 tó o fún un ní ₦2,000, kò ní mú bírò. Á kà á gòkè láti 1,700 títí á fi dé 2,000, á kó ₦300 fún ẹ. Ọmọ yẹn kan náà ló ń kọ 35 fún tíṣà.

Alákọọ́kọ́_Kíláàsì (Ọ̀yọ́)
Bàbá ẹ ṣeun gan an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan sí i torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Tí ẹ bá sọ márùndínlọ́gbọ̀n fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ nọ́ńbà, ọgbọ̀n ló gbọ́ gbẹ̀yìn, 35 ló máa kọ sílẹ̀ dípò 25. Mo rí i nínú ìwé ọmọ bíi mẹ́jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Torí náà ìgbálẹ̀ ni kó ṣáájú, tí wọ́n bá ti mọ ìdì àti ẹyọ dáadáa ni kí ẹ wá mú orúkọ wọlé, fún ìṣirò orí. Kí ẹ má kó méjèèjì fún wọn nínú píríọ́dù kan.

Bàbá_Tíṣà_Àgbà (Ògbómọ̀ṣọ́)
Òótọ́ lo sọ. Mo gbà.

Ọmọ_Afijìó
Gbogbo àlàyé yìí dáa o, àmọ́ ẹ ò tíì mẹ́nu ba pàṣán. Nígbà tiwa tó o bá gbà á ní méjì, o máa mọ̀ ọ́n lọ́la.

Bàbá_Tíṣà_Àgbà (Ògbómọ̀ṣọ́)
Mo na ọmọ lórí ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ mi. Ohun tí wọ́n kọ́ nínú ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń yọjú wo ìwé ẹnìkejì wọn. Àwọn kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá lọ sóko nídàájí kí n má rí wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti di baba ọmọ báyìí, tó bá rí mi lójú ọ̀nà Takie ó ṣì máa ń gba òdìkejì. Ó máa ń dùn mí.

Olùkọ́_Èdè (Ọ̀yọ́)
Lórí ọ̀rọ̀ èdè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ láti primary 1 dé 6. Ní oṣù kọkànlá 2025 mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé àwọn ti wọ́gi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni ká máa lò. Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí pé ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti dán an wò tí ó yọrí sí rere. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn tí wọ́n jọ wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú iléèwé St. Stephen's "A" ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n wá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bíi ti gbogbo iléèwé yòókù. Àwọn tó fi Yorùbá parí ẹ̀ ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ló ń dúró dè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe máa sìn wọ́n dé ibẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é rè é: kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin tàbí márùn-ún sí apá òsì pátákó, subtract, take away, how many are left, irú wọn, a ó pè é pọ̀, màá ní kí ẹnì kan fi ìgbálẹ̀ fi ohun tí kálukú wọn ń sọ hàn wá. Àlàyé, Yorùbá. Tí ọmọ bá ń ṣàlàyé fún ọmọ, Yorùbá. Tí a bá parí, kálukú á kọ gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì nípa ohun tó ṣe. Sípẹ́kítọ̀ tó bá wọlé á bá Gẹ̀ẹ́sì lójú pátákó àti nínú ìwé, á dẹ̀ bá ọmọ tó mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n ti wọlé bá mi lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó bá mi wí.

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta (Ògbómọ̀ṣọ́)
Èmi kì í ṣe tíṣà o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Iléèwé aládàáni ni àkọ́bí mi lọ tẹ́lẹ̀, tó bá ti sọ Yorùbá wọ́n á gbé páálí kọ́ ọ lọ́rùn, á gbé e títí á fi rí ẹlòmíì tó sọ Yorùbá kó tó bọ́ lọ́rùn ẹ̀. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ìbákà nílé wá di ẹni tí kì í dáhùn mọ́. Mo mú un kúrò. Ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin tíṣà ni pé iṣẹ́ àmúrelé tí ẹ bá fún wọn, ẹ jẹ́ ká lóye ohun tí ẹ fẹ́. Mi ò kàwé púpọ̀ ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń fi kóńgò wọn gààrí, mo mọ ìlàjì, mo mọ bí a ṣe ń pín èrè. Tí ẹ bá ní "ẹ bá ìyá yín wọn gààrí lónìí, ẹ kọ ohun tí ẹ rí", màá bá a ṣe é tayọ̀tayọ̀.

Ìyá_HM
Ẹ gbọ́ tẹnu HM náà. Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ gbogbo Nàìjíríà, NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ìwádìí ètò ẹ̀kọ́, ló ń ṣe é. Ìpínlẹ̀ ló wá ń pín in sí táàmù àti ọ̀sẹ̀, òun ni sikíìmù. Tíṣà ló ń mú un láti ibẹ̀ sọ di lesson note. Ẹni tó pín in sí ọ̀sẹ̀, ìwọ̀n kan ló fi wọn gbogbo kíláàsì, kò rí ọmọ 41 tìẹ. Ìwọ lo rí wọn.

Ohun tó máa ń bí èmi nínú kì í ṣe tíṣà tó pẹ́ lórí tọ́píìkì. Díárì tó ń parọ́ ni. O wọlé, o bá "a ti parí ìdá" nínú díárì, o ní kí ọmọ kan fi ìdá mẹ́rin hàn ẹ́, ó dákẹ́. Kọ ọ́ bó ṣe rí: "Ọ̀sẹ̀ kẹta. Ìdá ló kàn. Mo dán wọn wò, ọmọ 41 ò tíì mọ yíyọ, mo fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe ìdì àti ẹyọ, ìdá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin." Kó ìwé márùn-ún lára ìwé wọn dání lọ bá HM rẹ ní Fúráìdè kó tó ránṣẹ́ sí ẹ. Lọ kó tó pè ẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà.

Báwo lo ṣe máa rí ọjọ́ yẹn gbà padà? Ìdá ń padà bọ̀ ní primary 5, ó ń padà bọ̀ ní 6, tó bá yẹ̀ lọ́wọ́ ẹ díẹ̀ wọ́n á tún pàdé ẹ̀. Ìdì àti ẹyọ ò ní padà wá mọ́, gbogbo ẹni tó wà lókè gbà pé ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Ìsọdipúpọ̀, pínpín, owó, ìwọ̀n, gbogbo ẹ̀ orí ẹ̀ ló jókòó lé. Torí náà ibẹ̀ ni kó o ti náwó àkókò. Tọ́píìkì tó jọra, da wọ́n pọ̀, gígùn àti ìwọ̀n ò nílò ọ̀sẹ̀ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlànà tuntun tí wọ́n gbé jáde ní 2025 náà ti dín iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì kù, primary 4 sí 6 á ṣe 10 sí 12. Ìdí tí wọ́n fi dín in kù náà ni pé kí àyè wà láti kọ́ ọmọ dénú.

Ẹ̀bi ọmọ 68 kì í ṣe tìẹ. Ìwé ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ (National Policy on Education) ní ọmọ 35 sí tíṣà kan ní primary. Iṣẹ́ èèyàn méjì lo ń ṣe.

Alákọọ́kọ́_Kíláàsì (Ọ̀yọ́)
Ẹ̀n ẹ́n, ti ọmọ púpọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ. Tó o bá bi wọ́n ní ìbéèrè tí ọmọ mẹ́fà nawọ́ sókè, ọmọ mẹ́fà náà ni kò ní ìṣòro, o ò mọ ohun tó wà nínú orí àwọn tó kù. Mo lọ bá káfíńtà àdúgbò wa, ó fún mi ní àjákù plywood, mo ní kó gé e sí bí ìwé, mo fi ọ̀dà dúdú kùn ún, mi ò ná ju owó ọ̀dà lọ. Ọmọ méjì sí pátákó kan. Mo bá wọn kọ ìṣirò, wọ́n á jíròrò, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìdáhùn, tí n bá pàtẹ́wọ́ gbogbo wọn á gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń rí gbogbo kíláàsì láàárín ìṣẹ́jú kan, mi ò gbé ìwé kankan relé. Ẹ fún wọn ní àkísà kékeré kí wọ́n má fi aṣọ iléèwé nù ún, ìyá wọn á wá bá yín.

Ìkejì, tó o bá bèèrè, dákẹ́. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mary Budd Rowe, fi téèpù gba ohùn àwọn tíṣà sílẹ̀ nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ó rí i pé tí wọ́n bá bi ọmọ ní ìbéèrè wọn kì í dúró ju bíi sẹ́kọ́ńdì kan lọ kí wọ́n tó pe ẹlòmíì tàbí kí wọ́n dá ara wọn lóhùn. Nígbà tí wọ́n dúró tó sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ yẹn le gan an fún tíṣà, mo máa ń ka ení èjì ẹ̀ta nínú mi.

Olùkọ́_Àkànṣe (Ọ̀yọ́)
FCE Special, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ tíṣà, níbí ni mo ti kàwé, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà àwọn ọmọ tí ò ríran àti àwọn tí ò gbọ́ràn láti 1977. Tíṣà_Arówómọlẹ́, kó o tó pe ọmọ kankan ní olódo nínú ọkàn ẹ, jọ̀wọ́ wo ojú ẹ̀ àti etí ẹ̀. Ọmọ tó ń ṣẹ́jú wo pátákó, tó ń da ti ẹnìkejì ẹ̀ kọ, tó ń kọ 3 fún 8, ó lè má rí pátákó ni. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tí gbogbo èèyàn bá ti dìde ló ń dìde, ó lè má gbọ́ ẹ ni. Gbé wọn wá síwájú. Má máa sọ̀rọ̀ nígbà tó o bá kọjú sí pátákó, ẹnu ẹ ni àwọn kan ń wò. Tó o bá kọ nǹkan tán, kà á sókè, torí ẹni tí ò rí i. Sọ fún òbí wọn pé kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú máa ń ti àwọn òbí kan.

Ìyá_Oníṣirò (Ọ̀yọ́)
Kí n fi eléyìí kún un. Ní Íńdíà, àjọ kan tó ń jẹ́ Pratham máa ń pín ọmọ sí ọ̀wọ́ nípa ohun tí wọ́n mọ̀, kì í ṣe kíláàsì tí wọ́n wà, wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n á bọ́ sí ọ̀wọ́ tó kàn. Ìwọ náà lè ṣe é fún ìṣẹ́jú ogún. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á ṣe ìbéèrè tó le lójú pátákó, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n á jókòó tì ẹ́ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ṣáà ti rí i pé ọ̀wọ́ yẹn ò ní orúkọ tí ọmọ á máa fi bú ọmọ.

Tíṣà_Arówómọlẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́)
*Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta*
Ẹ̀yin ẹbí mi, mo ní kí n wá jábọ̀. Mo lọ bá HM kí Fúráìdè tó dé bí màmá ṣe wí, ọkàn mi ń lù kìkì, ó ṣí ìwé àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní "kọ ọ́ sínú díárì kó o máa bá iṣẹ́ ẹ lọ". Ó ní òun á wá wo ìgbálẹ̀ náà. Ó wá lóòótọ́, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Ọjọ́ kìíní ìgbálẹ̀, ariwo pọ̀ débi tí mo fẹ́ sunkún. Ọjọ́ kejì mo pín ìdì sí tábìlì kí wọ́n tó wọlé, ó rọrùn díẹ̀. Mo ní kí wọ́n yọ méje, mo dákẹ́, mo ń kà á nínú mi. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá, tí mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ló kọ́kọ́ tú ìdì. Ó wo ojú mi bíi pé mo máa bá a wí. Nígbà tí mo gbórí fún un, gbogbo tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ọmọ 41 yẹn ti ku 12 ní Wẹ́sìdé tó kọjá. Nínú 12 yìí ọ̀kan wà tí kò rí pátákó rárá, mo ti gbé e wá síwájú, mo bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ń lọ wo ojú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Olùkọ́_Àkànṣe, Ọlọ́run á fún yín ní èrè, torí mo ti kọ ọ́ sí "kì í fọkàn sí i" nínú ìwé mi.

Ní báyìí a ti wọ ìdá. Mo bi wọ́n pé èwo ló pọ̀jù nínú ìdá kan nínú mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin, pátákó tó pọ̀ jù lọ gbé ìdá mẹ́rin sókè, wọ́n ní 4 ju 3 lọ. Mo fẹ́ mú búrẹ́dì wá lọ́la kí n gé e níwájú wọn, ṣùgbọ́n ọmọ 60, búrẹ́dì mélòó ni màá rà? Ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta (Ògbómọ̀ṣọ́)
Má ra búrẹ́dì o jàre. Èmi máa kó ọsàn wá fún ẹ láti ọjà, fi àdírẹ́ẹ̀sì iléèwé yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Alákọọ́kọ́_Kíláàsì (Ọ̀yọ́)
Kí ọsàn tó dé, ní kí kálukú fa bébà méjì ya nínú ìwé àtijọ́, kí bébà méjèèjì gùn dọ́gba. Kí wọ́n ká ọ̀kan sí mẹ́ta, kí wọ́n ká èkejì sí mẹ́rin, kí wọ́n ya awẹ́ kọ̀ọ̀kan lára méjèèjì, kí wọ́n gbé e lé ara wọn. Bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i pé èwo ló tóbi jù. Kíká sí mẹ́ta ló máa ń dá wọn láàmú, fi hàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kó o dẹ̀ kó bébà tó pọ̀ ju iye ọmọ lọ sílẹ̀ torí àwọn kan máa fà á ya.